Ọmọ Ibo Ni Alásè? Lórí Wíwá Oúnjẹ Tàílándì Tó Dára Jù ní Los Angeles

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbé dé ìlú Los Angeles, ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó sì gbọ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ àlejò ti ń gbọ́, pé ṣàṣà ni ìlú tí oúnjẹ àwọn ará Tàílándì ti gbilẹ̀ lẹ́yìn odi ilẹ̀ wọn tó ti ibẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ni kí ó fa fóònù yọ, kí ó ka ìràwọ̀ tí àwọn tí kò mọ̀ rí tò sábẹ́ orúkọ ilé oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, kí ó mú èyí tí ìràwọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, kí ó sì forí lé ibẹ̀. Oúnjẹ tí yóò jẹ níbẹ̀ lè dùn mọ́ ọn lẹ́nu, kò sì burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá padà délé tí ó ní òun ti jẹ oúnjẹ Tàílándì tó dára jù ní gbogbo Los Angeles, a jẹ́ pé ó ń sọ ohun tí kò mọ̀. Èrò tèmi ni pé ìbéèrè tí ó mú jáde nílé kò pé. Kí a tó bèèrè ilé tó dára jù, a ní láti kọ́kọ́ bèèrè pé ọmọ ibo ni ẹni tó ń dáná níbẹ̀. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ilé náà ló sì yẹ kí a wò kí a tó dá ọbẹ̀ lẹ́jọ́.

Bí àlejò kan bá wọ ilẹ̀ Yorùbá tí ó ní kí a fi oúnjẹ Yorùbá tó dára jù han òun, ará Èkìtì á nawọ́ sí iyán, ará Ìjẹ̀bú á ní kí ó ṣe sùúrù kí òun bu ìkọ́kọrẹ́ fún un, Ẹ̀gbá á gbé láfún kalẹ̀, ará Ọ̀yọ́ á ro àmàlà tí gbẹ̀gìrì àti ewédú yóò jọ sin wọ ọ̀nà ọ̀fun, olúkúlùkù á sì fọwọ́ sọ̀yà pé òun ló ni àgbà oúnjẹ. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Tàílándì rí, ilẹ̀ tí ó gùn láti orí àwọn òkè tó wà ní àríwá títí dé ilẹ̀ tóóró tó wà láàrin òkun méjì ní gúúsù, níbi tí ó ti bá Malaysia pààlà.

Ní àríwá, lágbègbè Chiang Mai, ni khao soi ti gbayì, èyí tí í ṣe núdù nínú ọbẹ̀ àgbọn tó ní kọ́rì, tí wọ́n ń fi núdù díndín tó ń ró kẹ́kẹ́ lẹ́nu bo orí rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ki ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀ tí wọ́n fi ewé àti koríko ọba pò sínú ìfun, tí wọ́n ń sun ún lórí ẹyin iná, tí wọ́n ń pè ní sai ua. Ní ìlà-oòrùn àríwá, tí wọ́n ń pè ní Isan, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, tí èdè àti ìṣe àwọn ènìyàn sì sún mọ́ ti àwọn ará Láò tó múlé tì wọ́n, ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́wọ́ ni wọ́n ń jẹ, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń bù ú. Àwọn ló ni larb, ẹran gígé wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ìrẹsì yíyan lílọ̀ pò, àwọn ló sì ni som tam, ìbẹ́pẹ dúdú tí wọ́n rẹ́ tí wọ́n sì gún, tí n ó padà sọ̀rọ̀ lé lórí. Ní àárín ilẹ̀ náà, ní ẹsẹ̀ odò Chao Phraya tí Bangkok jókòó sí, ni àwọn ọbẹ̀ alágbọn aláwọ̀ ewé àti pupa tí gbogbo ayé mọ̀ ti wá. Àwọn ará gúúsù ní tiwọn, àwọn tí òkun yí ká lọ́tùn-ún lósì, ni wọ́n ń jata jù, tí wọ́n ń fi atalẹ̀ pupa kun ọbẹ̀ kó lè pọ́n rokoso, tí wọ́n sì ń fi ìfun ẹja tí wọ́n ti fi iyọ̀ sí títí tó fi kẹ̀ se ọbẹ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ gaeng tai pla, ọbẹ̀ líle, ọbẹ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n jẹ.

Ìlú mẹ́rin ni mo kà yẹn, bí ẹ bá fẹ́, tàbí ìdí ààrò mẹ́rin. Nígbà náà, kí ni ìràwọ̀ márùn-ún tí a kò sọ ti ààrò tí wọ́n fi í fún lè jẹ́ kí a mọ̀?

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ bí àwọn ènìyàn yìí ṣe dé Los Angeles. Títí di ọdún 1965, òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ará Éṣíà pátápátá. Ọdún náà ni ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tuntun tó ṣí i, láti ìgbà náà sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ láti Tàílándì ti ń dé. Wọ́n dé, ṣùgbọ́n ohun tí wọn yóò fi se ọbẹ̀ kò bá wọn dé, bí wọ́n bá sì fẹ́ jẹ oúnjẹ ilé, ohun tó bá jọ ọ́ nínú ọjà Amẹ́ríkà ni wọ́n ń fi dípò. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Pramorte Tilakamonkul ló mú ìdẹ̀ra dé bá wọn nígbà tí ó ṣí ilé ìtajà Bangkok Market sí East Hollywood ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, tí ó ń kó omi ẹja oníyọ̀ tí wọ́n ń pè ní nam pla wá, pẹ̀lú kapi, edé tí wọ́n fi iyọ̀ pò, tí wọ́n gún, tí wọ́n sì sá sóòrùn, pẹ̀lú àjàgbọn, omi àgbọn inú agolo, àti onírúurú ewé. Ọmọ rẹ̀, Jet Tila, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ lónìí gẹ́gẹ́ bí alásè orí tẹlifíṣọ̀n. Ọdún 2019 ni Bangkok Market kógbá wọlé. Bí mo bá ní àṣẹ, ibi tí ilé ìtajà náà ti wà rí ni ǹ bá kọ́kọ́ mú àlejò lọ, kí ó mọ̀ pé láìsí ẹni tó gbé àpò ẹrù sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, kò sí ọ̀kankan nínú àwọn ilé oúnjẹ tí ó ń wá kiri tí ìbá lè se ọbẹ̀ tó dà bí ọbẹ̀.

Ọdún 1999 ni ìgbìmọ̀ ìlú Los Angeles fún apá kan òpópónà Hollywood Boulevard, láti Western títí dé Normandie, ní orúkọ Thai Town, àdúgbò àkọ́kọ́ tó jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá rò pé òun yóò rí ààfin tàbí ọjà ńlá níbẹ̀ yóò kọ́kọ́ wò ó pé ṣé òun kò ṣìnà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé oúnjẹ náà wà ní ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí wọ́n fi ibi ìgbọ́kọ̀sí síwájú, tí alágbàfọ̀ àti aṣerun-lóge jọ ń bá wọn gbé. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ní Sapp Coffee Shop tí orúkọ rẹ̀ kò jọ ti ilé oúnjẹ rárá, ni wọ́n ti ń bu núdù àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi, oúnjẹ tí àwọn ìyálọ́jà ń tà láti inú ọkọ̀ lórí àwọn odò tóóró ilẹ̀ àárín Tàílándì láyé àtijọ́: omi ọbẹ̀ dúdú tí ẹ̀jẹ̀ ẹran mú kí ó ki, ẹran màlúù, ẹ̀dọ̀ àti ṣàkì nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìkan tó ń tẹ̀lé iyọ̀, ata tó ń tẹ̀lé ìkan, àti adùn díẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbogbo wọn. Ẹni tó bá gbé ojú kúrò níbẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀, tí ó ní kí wọ́n gbé pad thai wá, kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìwákiri rẹ̀.

Mi ò fi èyí bú pad thai o. Núdù ìrẹsì tí wọ́n din lórí iná tó ń jó fòò, tí àjàgbọn, ṣúgà ọ̀pẹ àti omi ẹja sì wà nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n tí kò jẹ́ kí ọ̀kan borí èkejì, iṣẹ́ tó nira ni, díẹ̀ sì ni alásè tó mọ̀ ọ́n dáradára. Ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ yẹ ní mímọ̀. Ọ̀gágun Plaek Phibunsongkhram, olórí ìjọba tó yí orúkọ ilẹ̀ Siam padà sí Tàílándì ní ọdún 1939, fẹ́ kí gbogbo ọmọ ilẹ̀ náà ní ìwà kan, aṣọ kan àti oúnjẹ kan tí wọn yóò fi mọ ara wọn ní orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, lára ohun tí ìjọba rẹ̀ sì gbé lárugẹ kiri ìlú ni núdù díndín yìí. Ní ọdún 2002, ìjọba mìíràn gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Global Thai, láti mú kí ilé oúnjẹ Tàílándì pọ̀ sí i káàkiri ayé, kí àwọn àlejò lè fẹ́ràn ilẹ̀ náà kí wọ́n sì máa ra ọjà rẹ̀. Ètò tó lọ́gbọ́n nínú ni, kò sì sí ẹni tí yóò dá ìjọba lẹ́bi pé ó polówó ọjà ará ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ti inú irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ jáde ni pé láti London títí dé Los Angeles, ìwé oúnjẹ kan náà ni àlejò ń bá pàdé: pad thai, ọbẹ̀ aláwọ̀ ewé, ọbẹ̀ pupa, tom yam, ó parí. Ọmọ gúúsù tí ó mọ kua kling se, ẹran gígé wẹ́wẹ́ tí wọ́n yan gbẹ pẹ̀lú ata àti atalẹ̀ pupa títí ó fi ń ta ní imú kí ó tó dé ẹnu, yóò wo ìwé yìí, yóò mọ̀ pé ohun tí àwọn àlejò mọ̀ ni wọn yóò rà, yóò sì gbé ti ìlú rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn ìwé.

Ẹ̀yìn ìwé yẹn ni mo ń wí. Ilé oúnjẹ Jitlada wà lórí Sunset Boulevard, ní ìpẹ̀kun Hollywood lápá ìlà-oòrùn, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ kí Arábìnrin Jazz Singsanong àti arákùnrin rẹ̀, Tui Sungkamee tó jẹ́ alásè, tó gbà á. Ọmọ gúúsù Tàílándì ni àwọn méjèèjì. Oúnjẹ tí gbogbo ayé mọ̀ wà níwájú ìwé oúnjẹ wọn, ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìn rẹ̀, ní èdè tiwọn tí àlejò kò lè kà, ni wọ́n to àwọn ọbẹ̀ ìlú wọn sí, fún àwọn tó bá mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí ẹnì kan tó ní ìfẹ́ sí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ apá ẹ̀yìn yẹn sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ilé náà di àpéwò. Jonathan Gold, òǹkọ̀wé tó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní ọdún 2007, àkọ́kọ́ nínú àwọn tí ń kọ̀wé lórí ilé oúnjẹ tí ẹ̀bùn náà máa tẹ̀ lọ́wọ́, wà lára àwọn tó kéde ilé náà fún ará ìlú. Ẹ wò ó bí ó ti rí: ilé kan náà ni, ààrò kan náà ni, ọwọ́ kan náà ló ń ro ọbẹ̀, àwọn tó ń jẹ iwájú ìwé sì wà níbẹ̀ tí wọn kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún 2017 ni Tui Sungkamee jáde láyé, Gold náà sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2018. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ohun tí Gold fi kọ́ àwọn ará Los Angeles, tí ó sì yẹ kí àwa náà kọ́, ni pé kí ènìyàn wakọ̀. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tó bá rìn jìnnà ni yóò rí abuké erin. Ìlú tí ènìyàn inú rẹ̀ sún mọ́ mílíọ̀nù 3.9 nígbà ìkànìyàn ọdún 2020, tí ó sì nà lọ bí ẹni pé kò ní òpin, kì í ṣe ìlú tí a ń dúró sí òpópónà kan kí a sọ pé a ti rí i tán. Lẹ́yìn òkè Hollywood, ní North Hollywood, ni Wat Thai wà, tẹ́ḿpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Búdà tí òrùlé rẹ̀ ń dán bí wúrà láàrin àwọn ilé pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú, àwọn obìnrin ìjọ a máa to tábìlì sí àgbàlá, wọn a máa se oúnjẹ tà. Ní ọdún 2007, àwọn aládùúgbò fẹjọ́ sùn nítorí ọkọ̀ tó ń dí ojú ọ̀nà, ìlú sì dá ọjà náà dúró. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó padà bọ̀ sípò. Ó dùn mí nígbà tí mo gbọ́ ìtàn yẹn, nítorí bí a bá fi ojú ọ̀nà wé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú àgbàlá náà, èmi mọ èyí tí ǹ bá tọ́jú.

Ní ọjọ́ tí mo lọ jẹ som tam ní àgbàlá náà, odó amọ̀ gíga kan ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà dúró tì nígbà tí ó kàn mí. Ó kọ́kọ́ ju áàyù àti ata wẹ́wẹ́ sí i, ó lù wọ́n títí òórùn wọn fi gba afẹ́fẹ́. Ó fi ṣúgà ọ̀pẹ sí i, ó fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ̀wà gígùn tútù lé e, ó tẹ tòmátì kéékèèké mọ́ ọn. Kí ó tó mú ìgò omi ẹja, ó dáwọ́ dúró, ó gbójú sókè, ó bi mí bóyá ti Tàílándì ni mo fẹ́, èyí tó ní ẹ̀pà àti edé gbígbẹ, tàbí ti Láò, èyí tí wọ́n ń fi ẹja kíkẹ̀ sí. Mo ní kí ó fi ẹja kíkẹ̀ sí i. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní, "Ó lóòórùn o, bàbá." Mo ní mo gbọ́. Ìgbà yẹn ni ó rẹ́rìn-ín, tí ó ṣí ìkòkò kékeré kan tí ó wà lábẹ́ tábìlì, tí ó bu omi dúdú nínú rẹ̀, tí ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, tí ó sì da ìbẹ́pẹ dúdú tí wọ́n ti rẹ́ tín-ín-rín sínú odó. Ọwọ́ ọ̀tún ń gún, ọwọ́ òsì mú ṣíbí ń yí i láti ìsàlẹ̀, kì í gún un kí ó kúná, ó ń lù ú kí ó lè mu omi ni. Mo bi í pé ọmọ ibo ni. Ó ní Udon Thani, ní Isan. Ohun tí mo jẹ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ìrẹsì tí mo fi ọwọ́ ṣù, kan, ó ta, ó sì jinlẹ̀ dé ibi tí ti ẹlẹ́pà kì í dé, kò sì sí lórí àkójọ ìràwọ̀ kankan.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ lórí ata, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa ti ń fi ìgbéraga ba oúnjẹ jẹ́ fún ara wọn. Ẹ̀mí tí kò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni, àwa la sọ bẹ́ẹ̀, a kò sì parọ́. Ọmọ Amẹ́ríkà ni ata pupa, àwọn Àgùdà ará Pọtogí ló gbé e la òkun já. Ọwọ́ wọn náà ni a gbà pé ó gbà dé Siam, níbi tí wọ́n ti gúnlẹ̀ sí Ayutthaya ní ọdún 1511, gẹ́gẹ́ bí ó ti gba ọwọ́ wọn dé etíkun tiwa. Kí ó tó dé, ataare àti iyèré la fi ń se ọbẹ̀ níhìn-ín, ata dúdú àti atalẹ̀ ni wọ́n sì fi ń se tiwọn lọ́hùn-ún. Nítorí náà, nígbà tí Yorùbá àti ará Tàílándì bá pàdé nídìí àwo kan ní Los Angeles, ata ti padà dé ilẹ̀ tí wọ́n ti bí i, àwọn méjèèjì ló sì sọ ọ́ di ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n ọmọ wa yóò jókòó, yóò lu tábìlì, yóò ní kí wọ́n fi ata sí i dé ibi tí ó bá le dé, bí ẹni tó ń bá alásè jìjàkadì. Alásè á ṣe bí ó ti wí, oúnjẹ á sì di iná lásán. Àwo wọn kì í ṣe ti ata nìkan. Iyọ̀, ìkan, adùn àti ata ni wọ́n ń gbé sórí òṣùwọ̀n, ọgbọ́n alásè sì wà nínú bí ó ṣe ń mú kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró gbọn-in. Ohun tó yẹ ní sísọ ni pé kí ó sè é bí yóò ti sè é fún ẹbí rẹ̀. Bí ó bá ṣiyèméjì, kí a fi pẹ̀lẹ́ tún un sọ, kí a sì jẹ ohun tó bá gbé wá tán.

Mo wá kan ọ̀rọ̀ owó, èyí tí ó ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ń san owó gọbọi fún àwo oúnjẹ Ítálì kan, ìyẹ̀fun àti tòmátì lásán, yóò dé ọ̀dọ̀ alásè Tàílándì, yóò rí i pé owó ọbẹ̀ fi dọ́là méjì lé, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ayé kà pé ilé náà ti wọ́n jù. Kí ló dé? Ta ló sọ fún wa pé oúnjẹ àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá gbọ́dọ̀ jẹ́ ti owó pọ́ọ́kú? Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ata lílọ̀ tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ alágbọn, bí wọ́n bá fi ọwọ́ gún un bí ó ti yẹ kí a gún un, koríko ọba, áàyù, àlùbọ́sà kéékèèké, kapi àti gbòǹgbò tó jọ atalẹ̀ ni wọ́n ń fi ọmọ-odó lù di ọ̀kan, ẹni tó bá sì ti gún un rí mọ ohun tí èjìká rẹ̀ sọ fún un lálẹ́. Bí owó kò bá gba iṣẹ́ yìí, alásè yóò ṣí ti inú agolo. Àwa la fi ọwọ́ ara wa ṣí agolo náà.

Los Angeles ní ìdí láti mọ ohun tí ọjà pọ́ọ́kú máa ń ná ẹlòmíràn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1995, àwọn agbófinró ya wọ ilé kan ní El Monte, lẹ́bàá ìlú náà, wọ́n sì bá àwọn ará Tàílándì 72, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ obìnrin, tí wọ́n há mọ́ ẹ̀yìn wáyà ẹlẹ́gùn-ún, tí wọ́n ń fi tipátipá rán aṣọ tí ó ń dé àwọn ilé ìtajà ńlá Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ aṣọ ni, kì í ṣe iṣẹ́ ààrò. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ náà, Thai Community Development Center tí Chancee Martorell jẹ́ olùdarí rẹ̀, ni ẹgbẹ́ kan náà tó jà fitafita títí Thai Town fi ní orúkọ lọ́dún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ohun tí wọ́n sì ń wá nínú rẹ̀ ni kí ará ìlú wọn lè ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, kí ó ta ọjà rẹ̀ ní iye tó tọ́, kí ó sì jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Èmi kò lè jókòó sí òpópónà tí wọ́n fi irú ìjà bẹ́ẹ̀ gbà kí n máa ná oúnjẹ.

Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ìdí ààrò wọ̀nyí ti dàgbà báyìí, wọ́n sì ti ń sè bí ó ti wù wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni Kris Yenbamroong, tí àwọn òbí rẹ̀ ló ni Talesai, ilé oúnjẹ tí wọ́n ṣí sórí Sunset ní ọdún 1982; ní ọdún 2010 ni òun ṣí Night + Market sí ẹ̀gbẹ́ ilé oúnjẹ àwọn òbí rẹ̀, ó sì gbé oúnjẹ òpópónà ti àríwá àti ti Isan wá síwájú, ohun tí àwọn àgbà ń fi pamọ́ sẹ́yìn ìwé. Ní Sherman Oaks, ilé Anajak ti wà láti ọdún 1981. Ní ọdún 2019, nígbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá tó dá a sílẹ̀, ọmọ rẹ̀, Justin Pichetrungsi, fi iṣẹ́ oníṣẹ́ ọnà tí ó ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ Disney sílẹ̀, ó padà wá di ààrò mú. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, ó gbé tábìlì sí ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta tako ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oúnjẹ àwọn ará Mẹ́síkò tí ó kún igboro Los Angeles, tí ó fi ọwọ́ Tàílándì sè. Ní ọdún 2023, ó gba ẹ̀bùn James Beard fún alásè tó ta yọ jù ní California.

Àwọn kan wà tí ń kùn pé kí ni Tàílándì nínú tako. Mo gbọ́ ìkùnsínú wọn, mo sì mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, pé kí oúnjẹ ìlú má baà sọ nù sínú àrà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni àgbàlagbà tó bá ń bẹ̀rù pé ọjà yóò tú kì í ṣe aláìnírònú. Ṣùgbọ́n Los Angeles ni wọ́n ti tọ́ Justin, láàrin àwọn ará Mẹ́síkò, nínú ilé oúnjẹ bàbá rẹ̀, tako ọ̀sán àti ìrẹsì alẹ́ sì jẹ́ tirẹ̀ pọ̀. Adìyẹ díndín ti gúúsù Tàílándì ṣì wà nínú ìwé oúnjẹ ilé náà, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbé e sẹ́yìn ìwé. Ẹni tó bá ń kùn lórí tako lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí ó tó padà wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.